Ẹlẹ́rìí Tí Kì í Gbàgbé: Ìwé Àdéhùn Ilé Kíkọ́ ní Èjìgbò

Láyé àtijọ́ ní Èjìgbò, ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn àti ní àwọn ìletò tí ó yí wọn ká, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́lé kò wá akọ̀wé. Ilẹ̀ tí wọn yóò pò wà ní tòsí, ará ilé, àna àti ẹgbẹ́ ni yóò bẹ̀ lọ́wẹ̀, òun náà yóò sì wá oúnjẹ àti ẹmu sílẹ̀. Bí wọ́n bá mọ ipele ògiri kan, wọn yóò fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Onílé dúró ti iṣẹ́ náà láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Ẹni tí ó bá po ẹrẹ̀ tí kò kúnná, ojú onílé ni ó ti pò ó. Ojú lọ̀rọ̀ wà, bí àwọn àgbà ti máa ń wí.

Èyí kò túmọ̀ sí pé Yorùbá kò mọ àdéhùn tí ó le. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà. Ẹni tí ó yá owó a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sìn, iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé owó náà, títí tí a ó fi san ojú owó. A kì í ṣe irú rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ìṣojú ẹlẹ́rìí ni a ti ń ka owó, tí a sì ń sọ irú iṣẹ́ tí a ó ṣe. Onígbọ̀wọ́ sì ń bẹ tí a ó dì mú bí ọ̀rọ̀ bá yí. Kò sí ẹni tí ó ka ẹlẹ́rìí pípè sí ìwà àìfọkàntánni. Àṣà ìwọ̀fà ti kásẹ̀ nílẹ̀, ó sì yẹ kí ó kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ẹlẹ́rìí àti onígbọ̀wọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kò yẹ kí ó bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ di ọ̀tọ̀ nígbà tí onílé kò sí nílé. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire. Wọ́n pọ̀ ní Abidjan débi pé a ń gbọ́ èdè Faransé láàrin ọjà Èjìgbò, ọkọ̀ sì ń gbéra láti ìlú náà lọ sí Abidjan, tí ó ń gba Cotonou, Lomé àti Accra kọjá. Ọ̀pọ̀ ilé tí ó gbé ìlú náà ga, owó tí wọ́n kó ti ọ̀hún wálé ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo oníṣòwò kan tí ó wà ní Adjamé, ní Abidjan. Ó bá bíríkìlà sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé, "Ẹ kọ́ yàrá mẹ́rin àti pálọ̀ kan fún mi, kí ó dára o." Ó fi owó ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀. Kò tí ì sí ẹni tí ó purọ́, síbẹ̀ ìjà ti wà nílẹ̀. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 níbùú lóòró kò ju ẹsẹ̀ bàtà 100 lọ nílẹ̀. Ti ẹsẹ̀ bàtà 12 jẹ́ 144. Yàrá ni a ń pe méjèèjì. "Dára" ńkọ́? Ta ni yóò fi tèpù wọn ìyẹn?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni kò gbọdọ̀ ya ara wọn: àwòrán ilé, ìwé àdéhùn àti àlàyé iṣẹ́. Àwòrán ń fi ìwọ̀n hàn. Ìwé àdéhùn ń sọ ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́, iye owó àti ìgbà tí iṣẹ́ yóò parí. Àlàyé iṣẹ́ ń sọ ohun tí a ó fi kọ́ ilé náà àti bí a ó ṣe lò ó. Ìkẹta yìí ni àwọn ènìyàn ń fojú fò jù, òun sì ni ẹ̀mí ilé.

Ẹ mú irin bí àpẹẹrẹ. Bí àdéhùn bá wí pé "irin", tí kò wí pé irin mìlímítà 12, irin mìlímítà 10 náà irin ni. Ṣùgbọ́n irin 10 kò ju nǹkan bí 70 nínú 100 irin 12 lọ. Òṣùwọ̀n lè tú àṣírí rẹ̀: ọ̀pá irin 12 tí ó gùn ní mítà 12 tó kílò 10 àti ààbọ̀, ti irin 10 kò ju kílò 7 àti díẹ̀ lọ. Bákan náà ni sìmẹ́ńtì. Ní 2014, àjọ SON, tí ń rí sí ìjójúlówó ọjà ní Nàìjíríà, pàṣẹ pé rírẹ́ ògiri nìkan ni kí a máa fi sìmẹ́ńtì 32.5 ṣe, kí a máa fi 42.5 gún búlọ́ọ̀kù, kí a sì máa fi í da kọnkéré. Nọ́ńbà náà wà lára àpò. Ó yẹ kí ó wà nínú àdéhùn pẹ̀lú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí a ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ikoyi, l'Ékòó, ènìyàn tí ó lé ní 40 sì kú. Ilé tí ó bá ń wó kì í bèèrè ẹni tí ó jẹ̀bi kí ó tó pani.

Owó náà ní ètò tirẹ̀. Kò dára kí a san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìdá kan fún ìpìlẹ̀, ìdá kan nígbà tí ògiri bá dé orí fèrèsé, ìdá kan fún òrùlé, ìdá kan fún rírẹ́. Kí a sì dá díẹ̀ dúró títí òjò yóò fi rọ̀ sí òrùlé náà fún sáà kan. Ìdá 5 nínú 100 ni ó wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ àgbàṣe ńláńlá. Kí ìwé sọ ẹni tí yóò ru ẹrù bí ọjà bá gbówó lórí, kí ó sì sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun kún iṣẹ́ láìkọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú.

Bíríkìlà náà ń jàǹfààní níbẹ̀. Onílé tí ó bá dé láti Abidjan kò ní lè wí pé ilé alájà kan ni òun sọ nígbà tí a ti kọ́ ọ tán. Bí ẹnì kan nínú wọn kò bá sì mọ̀wé, òfin kò gbàgbé rẹ̀. Òfin tí ìjọba amúnisìn ṣe ní 1915, tí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn fi sínú àkójọ òfin tirẹ̀ ní 1959, wí pé ẹni tí ó bá bá aláìmọ̀wé kọ ìwé gbọdọ̀ kà á sí i létí, kí ó sì túmọ̀ rẹ̀ kí onítọ̀hún tó tẹ̀ka sí i, kí ó kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i pẹ̀lú.

Ohun tí ó ń dí ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ni ìtìjú ẹbí. Bí a bá mẹ́nu kan ìwé, àbúrò a wí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ kò fọkàn tán mi mọ́ ni?" Èsì rẹ̀ wà nínú àṣà fúnra rẹ̀. Àwọn baba ńlá wa pe ẹlẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ owó, ìbátan wọn kò bàjẹ́. Àdéhùn tí kò ní ẹlẹ́rìí ni ó ń sọ ọmọ ìyá méjì di ọ̀tá. Ẹni tí ó bá fi ojú àná wòkú, ẹbọra a bọ́ ọ láṣọ. Kí a kọ àdéhùn náà ní ẹ̀dà mẹ́ta, ọ̀kan lọ́wọ́ onílé, ọ̀kan lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe, ọ̀kan lọ́wọ́ olórí ẹbí, kí gbogbo wọn sì fọwọ́ sí i lójú ara wọn kí a tó da sìmẹ́ńtì àkọ́kọ́.