Eku Ló Ṣínà fún Yábàá

Bí a bá ń wá ohun tó sọ Yábàá di àdúgbò tí a fètò là, tó sì ṣínà fún Sùúrùlérè lẹ́yìn rẹ̀, a ò lè yọ eku kúrò níbẹ̀.

Ọdún 1924 ni àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó. Accra ti rí i ṣáájú, lọ́dún 1908. Eku ni yóò kọ́kọ́ kú. Kòkòrò tín-ín-tín tó ń mu ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ á wá fò mọ́ ẹni tó sùn nítòsí. Ibà á dé, kókó á so sí abíyá. Oògùn tó ń wò ó sàn kò tíì sí nígbà náà, ni ìjọba bá dojú kọ eku àti ilé tó fún mọ́ra ní Erékùṣù Èkó. Lọ́dún 1928 wọ́n dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ yìí ló wó apá kan àdúgbò Oko Awó ní Erékùṣù, òun náà ló la Yábàá. Láti 1955, ó tún wó ilé láàárín gbùngbùn Èkó, ó sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn wá sí Sùúrùlérè. Onímọ̀ nípa àwùjọ, Peter Marris, kọ ìwé nípa wọn lọ́dún 1961: oníṣòwò jìnnà sí oníbàárà, mọ̀lẹ́bí fọ́n ká. Ìyà yẹn pọ̀ jù fún wọn, lójú tèmi.

Eku kò sì mọ sí Erékùṣù nìkan. Ní Àgùdà ní Sùúrùlérè lónìí, ibi tí gọ́tà àti ààtàn bá wà ni eku wà. Májèlé ọ̀tapíápíá ni ọ̀pọ̀ ń rà lọ́wọ́ alákiri láti fi pa á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi í sínú oúnjẹ nílé tí ọmọdé wà! Bí eku kan bá kú, òmíràn á gba ipò rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí oúnjẹ bá wà nílẹ̀. Ẹ fi sìmẹ́ńtì dí ihò tí páìpù gbà wọlé. Ẹ da gaàrí sínú ike tó ní ìdérí, torí ìtọ̀ eku tó bá kán sí oúnjẹ lè fa ibà Lassa.

Eku a máa gun igi èso pẹ̀lú. Ẹni tó ní máńgòrò lẹ́yìnkùlé, kí ó fi páànù dídán yí igi náà po, kí èékánná eku má rí ibi dì mú. Kí ó sì gé gbogbo ẹ̀ka tó bá kan òrùlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ orí òrùlé ni eku yóò gbà dé ìdí èso.