Ṣé O Mọ̀? Àwọn Ìyanu Inú Ìgò Ata Kan

Ṣí firíìjì rẹ wò. Ṣé ìgò ata wà níbẹ̀? Ata bíbọ̀ tí omi rẹ̀ ti gbẹ ni mò ń wí, tàbí ata díndín tí òróró pupa borí rẹ̀, tí o rọ sínú ìgò Bama tó ti tán. Bí ó bá wà níbẹ̀, fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí o ní nílé. Bí kò bá sí, ìwọ gan-an ni mò ń wá.

Ṣé o mọ̀ pé kí Columbus tó wọkọ̀ ojú omi lọ́dún 1492, kò sí rodo, kò sí ṣọ̀m̀bọ̀, kò sí tàtàṣé, kò sí tòmátì ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà? Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá, wọ́n sì di onílé mọ́ wa lọ́wọ́. Ohun tó ń ta àwọn baba ńlá wa lẹ́nu nígbà náà ni ataare àti ìyèré.

Tòmátì ńkọ́, èso ni àbí ẹ̀fọ́? Má tíì dáhùn! Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1893, torí pé ẹ̀fọ́ tó bá wọ̀lú ń san owó ibodè, èso kì í san. Àwọn adájọ́ ní lójú onímọ̀ ewéko, èso ni. Ṣùgbọ́n ìdí ọbẹ̀ la ti ń bá a, nítorí náà ẹ̀fọ́ ni. Oníṣòwò tó pẹjọ́ kò rí owó rẹ̀ gbà padà.

Omi mélòó lo rù bọ̀ láti Ọjà Ìpàtà ní Ìlọrin? Nínú tòmátì kìlógíráàmù 1, nǹkan bíi gíráàmù 940 ló jẹ́ omi! Ìdí nìyẹn tí apẹ̀rẹ̀ odindi, tí o bá lọ̀ ọ́ tán, tí o bọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ fi gbẹ, ṣe ń wọ inú ìgò perete.

Kì í sì í ṣe kóró ata ló ń ta o. Lára ẹran funfun tí kóró rọ̀ mọ́ nínú ata ni ọ̀pọ̀ iná náà wà. Kóró kàn ń sùn sítòsí rẹ̀ ni.

Èyí tún wá dùn jù: ata kì í ta ẹyẹ lẹ́nu. Rodo tó ń mú ọkùnrin gìrìgìrì sunkún, ẹyẹ á ṣà á jẹ bí àgbàdo, á fò lọ, á sì yàgbẹ́ kóró rẹ̀ síbi tí yóò ti hù.

Lọ́dún 1912, apòògùn kan tó ń jẹ́ Wilbur Scoville wá ọ̀nà tí a ó fi máa ka títa ata ní nọ́ńbà. Gíríìnì pẹ́pà tí a ń gé sí ìrẹsì díndín gba òdo. Rodo tiwa? Láti 100,000 dé 350,000! Ṣùgbọ́n má tíì fọ́nnu: ata kan tí wọ́n ń pè ní Pepper X, tí wọ́n tọ́jú ní South Carolina, wọ ìwé Guinness lọ́dún 2023 pẹ̀lú 2,693,000.

Ẹnu rẹ kò jó rárá nígbà tí ata bá ń ta ọ́, ọpọlọ rẹ ló gbà bẹ́ẹ̀. Ibì kan náà lára iṣan tó ń gbọ́ ooru iná ni ata ń kàn, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, David Julius, ló sì fi ata wá ibẹ̀ kàn. Ó gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ lọ́dún 2021.

O wá sáré lọ mu omi? Asán ni! Ohun tó ń ta nínú ata kì í yòrò sínú omi, inú ọ̀rá ló ń yòrò sí, èròjà inú wàrà sì máa ń dì í mú kúrò lẹ́nu. Ẹ̀yin ará Ìlọrin tẹ́ ẹ ń din wàrà, tẹ́ ẹ sì ń yí i mọ́ ata, ẹ ti fi oògùn ata sínú ata láìdúró de onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kankan. Èmi gbà pé kò sí ìpápánu tó gbọ́n jù ú lọ ní gbogbo Kwara.

Bí ó bá wá ṣe wàrà ni, ṣé o mọ ohun tó ń mú kó dì? Oje ewé bọmubọmu ni, igi tí oje rẹ̀ lóró tí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá Fúlàní mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Ta ló rò pé fítámínì C inú ọsàn ni baba gbogbo rẹ̀? Tàtàṣé pupa tútù ju ọsàn lọ ní ìlọ́po méjì, bí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba. Ará Hungary kan, Albert Szent-Györgyi, rí i kó jọ rẹpẹtẹ láti inú ata pupa ìlú Szeged, ó sì gba Nobel lọ́dún 1937. Iná máa ń jẹ nínú fítámínì yìí, òótọ́ ni. Àmọ́ iná kan náà, pẹ̀lú òróró, ló ń jẹ́ kí ara rí ohun tó ń pọ́n tòmátì gbà dáadáa. Ata díndín ṣe ọ́ ní oore tí tòmátì tútù kò lè ṣe.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ìdí ìkòkò, torí ibẹ̀ ni ìgò yìí ti ń ṣe bẹbẹ.

Ẹ̀wà kan náà la fi ń ṣe àkàrà, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kuru, ṣùgbọ́n ẹ̀kuru nìkan ni kì í jẹ́ kí ata wọ inú rẹ̀ lórí iná! Ńṣe ló ń dúró ní funfun báláú, tí yóò máa retí ata díndín nínú abọ́. Mo ti fi ata inú ìgò jẹ oríṣiríṣi oúnjẹ, kò sí èyí tó tó ẹ̀kuru.

O ní òróró pupa tó léfòó lórí ìgò yẹn, o sì ń bu òróró tuntun din ẹyin? Fi òróró ata yẹn din ín. Ẹyin náà yóò pọ́n, yóò ta sánsán, ata gan-an kò sì tíì dín kù.

Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ẹni mẹ́ta kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kí ìrẹsì tó wọ ìkòkò, bí ata rẹ bá ti gbẹ nínú ìgò. Apá tó ń gba àkókò jù nínú rẹ̀, ìyẹn gbígbẹ omi ata, o ti ṣe é lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Àlejò dé lójijì, tùwó ti délẹ̀, ọbẹ̀ kò sí? Bu ata ṣíbí mẹ́ta sórí iná, fi omi ẹran tú u, sọ ìrú díẹ̀ sí i. Kí àlejò tó fọ ọwọ́ tán, ọbẹ̀ ti hó. Tó bá ku gbẹ̀gìrì àná, ó ti dọdún nìyẹn.

Ọdún 1988 ni Indomie dé Nàìjíríà, ọdún 1995 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é níbí, ọ̀pọ̀ ọmọ sì gbà pé àtayébáyé ni. Ṣíbí ata díndín kan nínú rẹ̀ ti tó, kí o sì dín ìyẹ̀fun iyọ̀ inú ọ̀rá rẹ̀ kù sí ìdajì.

Fi pa ẹja lára kí o tó yan án. Fi sáàárín búrẹ́dì dípò bọ́tà. Pò ó mọ́ iṣu tí o gún díẹ̀, ó di àsáró. Rọ èyí tó kù sínú ike yìnyín, jẹ́ kó dì nínú fírísà, kí o máa yọ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ìgò tó ti tán, ṣé o ń jù ú nù? Dúró ná! Bu omi ẹran gbígbóná díẹ̀ sí i, dé e, mì í jìgìjìgì, dà á sínú ẹ̀wà tó ń hó.

Ta ló kọ́kọ́ ro ti ìgò? Nicolas Appert, ará Faransé, gba 12,000 fránkì lọ́wọ́ ìjọba wọn lọ́dún 1810 nítorí pé ó se oúnjẹ mọ́ inú ìgò tí kò fi bàjẹ́. Kò mọ ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́! Ó tó bí àádọ́ta ọdún kí Pasteur tó ṣàlàyé kòkòrò àìfojúrí fún ayé.

Ti agolo tilẹ̀ tún yanilẹ́nu jù. Ọdún 1810 náà ni agolo oúnjẹ dáyé, ṣùgbọ́n ó lé ní ogójì ọdún kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ohun tí a ó fi máa ṣí i. Òòlù àti irin ni wọ́n fi ń fọ́ ọ.

Má rò pé àwa nìkan la ní ìgò ata o. Ní Serbia, bí òtútù bá ti ń bọ̀, ilé lẹ́yìn ilé ló ń yan ata pupa lórí iná, wọ́n á bó èèpo rẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì kó ajvar sínú ìgò de ìgbà òtútù. Ti Tunisia, harissa, wọ ìwé ohun àjogúnbá UNESCO lóṣù Kejìlá ọdún 2022. Ọmọ Ghana tó ń lọ ilé ìwé tó ń gbé inú ọgbà kì í fẹ́ gbàgbé ìgò ṣítò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni akẹ́kọ̀ọ́ Unilorin tí ìyá rẹ̀ fẹ́ràn kì í padà sí ọgbà láìsí ata díndín nínú báàgì.

Ata ti dé òfuurufú pàápàá! Lóṣù Kẹwàá ọdún 2021, àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú NASA ká ata tí wọ́n gbìn sínú ọkọ̀ wọn lókè lọ́hùn-ún, wọ́n sì jẹ ẹ́.

Nílé ńkọ́? Íjíbítì nìkan ló sábà máa ń ṣíwájú wa nínú gbígbin tòmátì ní Áfíríkà, síbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tiwa ló ń bàjẹ́ kó tó dé ìkòkò. Lóṣù Kẹta ọdún 2016, ilé iṣẹ́ Dangote ní Kadawa, ìpínlẹ̀ Kánò, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú agbára láti lọ tòmátì 1,200 tọ́ọ̀nù lójúmọ́. Kò pẹ́ tó fi dúró, torí pé kò rí tòmátì rà! Kòkòrò Tuta absoluta, tí kò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 1, ti jẹ oko run, débi pé ìjọba Kàdúná kéde ìpàjáwìrì lórí tòmátì lóṣù Karùn-ún ọdún náà.

Ṣé o wá mọ ibi tí olú ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí bí a ṣe ń tọ́jú ohun oko wà? Ìlọrin níbí ni, lọ́nà Asa Dam! NSPRI ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń gba iwájú rẹ̀ lọ sọ́jà láìmọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o fọwọ́ líle mú. Òróró tó borí ata kò lè dáàbò bò ó lórí tábìlì. Kòkòrò kan wà tí ibi tí afẹ́fẹ́ kì í dé ló fẹ́ràn, oró rẹ̀ lè pa èèyàn, irúgbìn rẹ̀ kì í sì í kú sínú omi híhó lásán. Kíkan ló ń lé e, òtútù náà sì ń dá a dúró. Ata kò kan tó fúnra rẹ̀, nítorí náà firíìjì tàbí fírísà ni àyè ìgò rẹ. Ṣíbí gbígbẹ ni kó máa wọ inú rẹ̀, má sì bọ̀ ju èyí tí o máa jẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀ lọ sínú firíìjì. Fírísà ni kó gba ìyókù.

Bí ìkórè ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń dé láti Òkè Ọya, láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, lọ sí ọjà Mandate ní kùtùkùtù, kí o ra ju ohun tí o fẹ́ sè lọ́jọ́ náà lọ. Láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje, owó apẹ̀rẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ ti ẹ̀ẹ̀rùn mọ́.