Ta ló ń ka báàjì ẹni tó ń ya yín ní X-ray?

Bí ẹ bá ti wáṣẹ́ rí ní Èkó yìí, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti ya X-ray àyà. Ilé-iṣẹ́ á ní kẹ́ ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ara wá, ẹ ó wọ ilé àyẹ̀wò kan ní Ojúẹlẹ́gbà tàbí ní Múṣin, ẹ ó sanwó, ẹ ó bọ́ṣọ, wọ́n á ní kẹ́ ẹ fa èémí sínú kẹ́ ẹ dúró bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Ẹ̀yin á máa lọ sílé. Ẹni tó tẹ ẹ̀rọ yẹn ò lọ síbì kankan o, ẹlòmíràn ló tún ń pè wọlé, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọ̀rọ̀ ẹni yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Ó yẹ kẹ́ ẹ rí báàjì kékeré kan láyà aṣọ ẹ̀. Kì í ṣe ID card. Inú ẹ̀ ni èròjà kan wà, wíńníwínní, tó fẹ́ jọ iyọ̀. Ìtànṣán tó bá kan ẹni tó wọ báàjì náà máa kan èròjà yìí, á sì fi díẹ̀ lára agbára ẹ̀ pamọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan tàbí mẹ́ta, wọ́n á kó báàjì lọ sí yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á mú èròjà náà gbóná, á sì tan ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ yẹn bá ṣe pọ̀ tó ni ìtànṣán tẹ́ni náà gbà ṣe pọ̀ tó. Bíi mítà NEPA ló rí: kò dá iná dúró, kò dín in kù, iye tẹ́ ẹ lò ló kàn ń kọ sílẹ̀. Gbogbo wa la sì mọ ohun tójú ẹni tí kò ní mítà ń rí. Estimated billing.

Àbúrò mi kan ń ṣiṣẹ́ yìí ní ilé àyẹ̀wò aládàáni kan ní Múṣin. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Ó ní báàjì, ṣùgbọ́n inú dúrọ́ọ̀ tábìlì ọ̀gá ẹ̀ ni báàjì náà ń gbé láti ọdún tó kọjá, òun àti ti àwọn méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá ní kò sówó tí wọ́n máa fi kà á. Tí wọ́n bá gbọ́ pé àwọn aláyẹ̀wò ìjọba ń bọ̀, kálukú á gbé tiẹ̀ kọ́yà. Tí wọ́n bá ti lọ, ó di inú dúrọ́ọ̀.

Lóṣù tó kọjá ló pè mí. Ó ti lóyún, oyún náà sì ti wọ oṣù kẹta kó tó mọ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò ní ṣe ọmọ ní nǹkan báyìí?” Àwọn kan níbi iṣẹ́ ti ń sọ fún un pé kó máa mu mílíìkì dáadáa, pé mílíìkì ń fọ X-ray kúrò lára. Irọ́ ni. Ìtànṣán X-ray kì í gbé inú ara lẹ́yìn tó bá ti kọjá, kò sí nǹkan tí mílíìkì fẹ́ fọ̀. Ohun tó bà jẹ́ nígbà tó ń kọjá lọ ni ọ̀rọ̀ wà.

Millisievert ni wọ́n fi ń wọn bó ṣe lè pa ara lára tó. X-ray àyà kan sábà máa ń kéré ju 0.1 lọ. CT scan ikùn lè tó 8 tàbí 10, kẹ́ ẹ má bàa máa rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. (Skáànù tí wọ́n ń ṣe fún aláboyún ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá o, ìró lásán ni wọ́n fi ń ṣe é.) Àwa tá a kàn jókòó sílé pàápàá ń gbà nínú ẹ̀, láti inú ilẹ̀, oúnjẹ, afẹ́fẹ́ àti ojú ọ̀run. Bí a bá pín in káàkiri ayé, ó tó 2.4 lọ́dún fún ẹnì kan. Òṣìṣẹ́ X-ray ò gbọdọ̀ gbà ju 20 lọ lọ́dún, bí a bá pín ti ọdún márùn-ún. Ṣùgbọ́n bó bá ti sọ fún ọ̀gá ẹ̀ pé òun lóyún, ohun tó máa kan ọmọ inú ẹ̀ títí á fi bímọ ò gbọdọ̀ ju 1 lọ.

Ọ̀nà méjì ni ìtànṣán yìí ń gbà ba ara jẹ́. Èyí tó hàn sójú ní ààlà: tó bá pọ̀ kọjá ìwọ̀n kan, awọ á bó, irun á já, dígí inú ojú á ṣú. Bó bá tó 4,000 sí 5,000 lẹ́ẹ̀kan náà káàkiri ara, tí ìtọ́jú ò sì sí, ìdajì àwọn tó kàn ló máa kú láàárín oṣù méjì. Clarence Dally, ọmọṣẹ́ Thomas Edison tó máa ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ dán ẹ̀rọ X-ray wò, pàdánù apá méjèèjì kó tó kú ní 1904. Kò sí báàjì nígbà yẹn.

Ọ̀nà kejì ni jẹjẹrẹ, bíi tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tìrì lòun. Ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì kì í jẹ, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ṣe ń rà sí i ló ń súnmọ́ yín sí i. Ó sì lè tó ogún ọdún kó tó yọjú, nígbà tẹ́ni náà ti lè kúrò níbi iṣẹ́ yẹn, tọ́gàá ẹ̀ á ní òun ò mọ̀ ọ́n rí.

Mi ò ní kẹ́ ẹ máa sá fún X-ray. Ní LUTH, ní Ìdí-Àràbà, wọ́n ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ kan ní 2019, ìtànṣán tó lágbára gan-an ni wọ́n sì fi ń wo èèyàn sàn níbẹ̀, èyí tó ju ti X-ray àyà lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n wọ́n á ti ṣírò iye tó máa kan aláìsàn, ibi tó máa kàn àti ọjọ́ tó máa kàn án, kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ.

Orílẹ̀-èdè yìí ò sì jẹ́ ọ̀dọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí Faransé ń dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò ní aṣálẹ̀ Sàhárà ní 1960, inú bí Nàìjíríà débi pé ó lé aṣojú wọn lọ ní January 1961. Ní 1964, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ìtànṣán sílẹ̀ ní ẹ̀ka físíìsì Yunifásítì Ìbàdàn. Tìtorí ìtànṣán tí afẹ́fẹ́ lè gbé wá láti Sàhárà la ṣe bá Faransé jà. Èyí tó wà ní Múṣin, inú dúrọ́ọ̀ ló wà.

Kí ni mo wá sọ fún àbúrò mi? Mo bi ọ̀rẹ́ mi kan tó kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì. Ó ní bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ògiri tí wọ́n fi òjé sí ló máa ń dúró, ó ṣeé ṣe kí ohun tó kàn án má tó nǹkan. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀, ara tù ú díẹ̀. Ṣùgbọ́n “ó ṣeé ṣe” kọ́ laláboyún fẹ́ gbọ́, nọ́ńbà ló fẹ́, nọ́ńbà yẹn ò sì sí. Mo ní kó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá pé òun lóyún, kí wọ́n gbé òun kúrò nídìí ẹ̀rọ. Lẹ́tà yẹn ló jẹ́ kí ọ̀gá sáré kó báàjì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ fún kíkà. Kí ni wọ́n fẹ́ kà níbẹ̀? Iye ìtànṣán tó kan dúrọ́ọ̀.

Mo mọ̀ pé nǹkan le. Ṣùgbọ́n ẹni tó rówó ra ẹ̀rọ X-ray, tó ń ra dísù sí jẹnẹrétọ̀ lójoojúmọ́, kò lè sọ fún mi pé owó kíka báàjì mẹ́ta ló fẹ́ pa òun.

Òfin ò sì jìnnà. Àjọ NNRA tí òfin 1995 dá sílẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láti 2001, ìlànà tó jáde ní 2003 sì ní kí agbanisíṣẹ́ máa wọn ohun tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ ń gbà. Ní tèmi, kí àwọn aláyẹ̀wò yé wo báàjì láyà, ẹnikẹ́ni lè gbé e kọ́. Kí wọ́n béèrè ìwé tí wọ́n kọ èsì sí, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, pẹ̀lú orúkọ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n sì bi òṣìṣẹ́ fúnra ẹ̀, lẹ́yìn ọ̀gá, pé èló ni tiẹ̀ lọ́dún tó kọjá.