Kí Ni Máàkì JAMB Lè Ṣe Fún Ọmọ?

Lẹ́tà mẹ́jọ péré ni ọmọ tó bá jókòó ti ìdánwò JAMB nílò lórí kíìbọọ̀dù. A, B, C àti D ni yóò fi mú ìdáhùn. N ni yóò tẹ̀ kó lè bọ́ sórí ìbéèrè tó kàn, P ni yóò fi padà sẹ́yìn, S ni yóò tẹ̀ láti fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́, R sì wà níbẹ̀ bí ó bá ti kánjú tẹ S. JAMB, àjọ tó ń bójú tó ìgbaniwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Nàìjíríà, ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì mọ́ máòsì má bàa tìtorí ẹ̀rọ fìdí rẹmi. Ó ti fi ìka tẹ ẹ̀rọ lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n lè mọ̀ pé òun gan-an ló wá. Fóònù àti aago ọwọ́ rẹ̀ wà níta. Wákàtí méjì ló ní fún ìbéèrè 180: 60 lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ dandan, 40 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ mẹ́ta yòókù tó yàn. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní máàkì 100, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 400.

Tí èsì bá jáde, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ará ilé àti ará àdúgbò máa ń bi í: "Mélòó lo gbà?" Ẹni tó gba 290, wọ́n á bá a dúpẹ́. Ẹni tó gba 190, ìyá rẹ̀ á ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń mú ọmọ wọ fásitì, máàkì yìí kì í dá ṣiṣẹ́.

Kí JAMB tó dé, fásitì kọ̀ọ̀kan ló ń ta fọ́ọ̀mù tirẹ̀, tó sì ń ṣe ìdánwò tirẹ̀. Ọmọ tó bá rówó fọ́ọ̀mù lè gbìyànjú Ìbàdàn, Ifẹ̀, Èkó, Nsukka àti Zaria lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mẹ́ta bá mú un, ọ̀kan ni yóò lọ, àyè rẹ̀ nínú méjì yòókù á sì ṣófo. Nígbà tí ìjọba ológun fi fásitì méje kún ti tẹ́lẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1970, ọ̀rọ̀ náà kọjá ohun tí a lè fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Michael Angulu. Ní ọdún 1978, nígbà ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, òfin kejì ọdún náà dá JAMB sílẹ̀, Angulu sì di ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́. Òfin ọdún 1989 wá fi àwọn ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe àti ti olùkọ́ni sábẹ́ àjọ náà.

Fún nǹkan bí ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, máàkì JAMB fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọba. Àmọ́ àwọn fásitì ń kùn pé ọmọ ń gbé máàkì gọbọi wá, kò sì lè dáhùn ìbéèrè nínú kíláàsì. Àwọn kan ti ra ìdáhùn. Àwọn kan ti san owó fún ẹlòmíì kó lọ bá wọn jókòó. Ní ọdún 2005, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Chinwe Obaji, gbà kí fásitì kọ̀ọ̀kan máa tún ọmọ dán wò fúnra rẹ̀. Bí ìdánwò kejì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, èyí tí a ń pè ní Post-UTME lónìí. Mínísítà Adamu Adamu fòfin dè é ní 2016. Ní 2017 ó ti padà.

Ìdánwò kejì yìí ló sọ máàkì JAMB di ìdajì ọ̀rọ̀. Ní Fásitì Ìbàdàn, wọ́n máa ń fi 8 pín máàkì JAMB, wọ́n á fi 2 pín ti Post-UTME, wọ́n á wá ro méjèèjì pọ̀. Ká mú ọmọ méjì tó ń du àyè kan náà. Èkíní gba 280 nínú JAMB àti 60 nínú Post-UTME: 35 àti 30, àpapọ̀ 65. Èkejì gba 240 péré, ó wá gba 76 nínú Post-UTME: 30 àti 38, àpapọ̀ 68. Èkejì ló ṣíwájú. Máàkì 40 tí wọ́n torí rẹ̀ pa adìẹ ní ilé èkíní, 5 ló kù nínú rẹ̀ nígbà tó dé Ìbàdàn. Ní Ifẹ̀ àti ní Fásitì Èkó náà, 50 nínú 100 ni JAMB ń kó. Post-UTME àti èsì ìdánwò oníwèé mẹ́wàá ló ń pín ìdajì yòókù.

Ìsàlẹ̀ ni máàkì náà ti wúwo jù. Àwọn fásitì mẹ́ta tí a dárúkọ yìí kì í jẹ́ kí ẹni tí kò tó 200 dé ibi Post-UTME. Ẹni tó gba 199 àti ẹni tó gba 200, ọ̀gbun ló wà láàárín wọn. Ẹni tó gba 260 àti ẹni tó gba 268, máàkì kan péré ni. Nínú èsì tí àjọ náà kọ́kọ́ gbé jáde ní 2025, àwọn tó ṣe ìdánwò lé ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 950. Àwọn tí kò tó 200 nínú wọn ju mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ lọ. Ìlẹ̀kùn mìíràn ṣì wà fún wọn: 150 ni òdiwọ̀n tó kéré jù fún fásitì lọ́dún náà, 100 sì ni ti ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ òbí kì í béèrè títí ọ̀rọ̀ á fi bàjẹ́: iṣẹ́ wo lọmọ yàn nínú JAMB? Ẹni tó fẹ́ di dókítà gbọ́dọ̀ mú Báyọ́lọ́jì, Kẹ́místírì àti Físíìsì. Bó bá ti fi Ìṣirò rọ́pò Báyọ́lọ́jì nítorí pé ó mọ̀ ọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè gba 320, ẹ̀ka ìṣègùn ò ní wojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó fẹ́ ka òfin ní ibi tí wọ́n ti ń béèrè Lítíréṣọ̀, tí kò sì mú un. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi ń yan àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí níbi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, tí èrò ti tò sẹ́yìn.

Ìlú ẹni náà ń sọ̀rọ̀. Ní àwọn fásitì ìjọba àpapọ̀, máàkì nìkan ni wọ́n fi ń pín 45 nínú 100 àyè. 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí fásitì náà ká, 20 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n kà sí ibi tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ tó. Kwara wà lára ìwọ̀nyí, Ọ̀ṣun kò sí. Ìpínlẹ̀ méjèèjì pààlà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọmọ Kwara lè gbà wọlé lè má sí fún ọmọ Ọ̀ṣun.

Bí ẹ̀rọ bá wá ṣàṣìṣe ńkọ́? Ní oṣù Karùn-ún 2025, ó ṣe é. Wọn kò ṣàtúnṣe tó yẹ sí ẹ̀rọ tó ń bójú tó ibùdó 65 ní Èkó àti 92 ní apá Owerri, ìdáhùn àwọn ọmọ tó jókòó níbẹ̀ sì dàrú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, tó di ọ̀gá àgbà àjọ náà ní 2016, sunkún níwájú àwọn oníròyìn l'Ábújá nígbà tó ń tọrọ àforíjì. Ọmọ 379,997 ni wọ́n ní kó padà wá tún ìdánwò ṣe.

Láti 2017, orí CAPS, ètò tí JAMB fi ń gba orúkọ lọ́wọ́ gbogbo ilé ẹ̀kọ́, ni gbogbo rẹ̀ ń parí sí. Ibẹ̀ lọmọ máa ń wọ̀ lójoojúmọ́, tí yóò máa wò ó bóyá wọ́n ti mú òun. Bí wọ́n bá mú un, ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà. Bí wọn kò bá mú un títí ìgbaniwọlé ọdún náà fi kásẹ̀ nílẹ̀, máàkì rẹ̀ ti kú nìyẹn, ì báà jẹ́ 290. Ọdún kan ṣoṣo ni ẹ̀mí rẹ̀ mọ. Yóò tún lọ ra fọ́ọ̀mù, yóò tún fi ìka tẹ ẹ̀rọ lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ tó gba 120 lọ́dún tó kọjá sì lè jẹ́ ẹni tó jókòó tì í.