Bí Google Ṣe Lè Mọ Ṣọ́ọ̀bù Yín ní Woolwich àti Thamesmead

Ìfáàrà

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ojú títì. Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Woolwich, tí ẹ gba inú ọjà Beresford Square kọjá, tí ẹ sì rìn títí dé Plumstead High Street, ẹ óò rí ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà àti ti àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mìíràn. Àwọn kan ń ta oúnjẹ, àwọn kan ń ta aṣọ, àwọn kan ń di irun. Ẹnu ni púpọ̀ nínú wọn fi ń polówó: ará ṣọ́ọ̀ṣì kan á sọ fún èkejì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line bẹ̀rẹ̀ sí í dé Woolwich àti Abbey Wood, ó sì wá rọrùn fún àlejò láti débẹ̀. Àlejò kò ní ojúlùmọ̀ tó lè bi léèrè. Fóònù rẹ̀ ló máa bi. Bí Google kò bá mọ̀ yín, ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn ni yóò júwe fún un.

Àwọn àgbà ní ìpolówó ni àgúnmu òwò. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé bí oníṣòwò kékeré ṣe lè polówó fún ẹ̀rọ ìṣàwárí láìná owó rẹpẹtẹ.

Báwo ni ẹ̀rọ ìṣàwárí ṣe ń ṣiṣẹ́?

Google kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá nǹkan káàkiri ayé nígbà tí ẹ bá bi í ní ìbéèrè. Ó ti ṣe iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí pín sí. Èkíní, ètò kọ̀ǹpútà kan ń lọ láti ojú ewé kan dé òmíràn, líǹkì ló sì ń tọ̀ bí ẹni tó ń tọ ọ̀nà. Ojú ewé tí kò sí ọ̀nà tó lọ síbẹ̀, ó ṣòro kó tó dé ibẹ̀. Èkejì, ó ń ka ohun tó bá níbẹ̀, ó sì ń kó o pamọ́ sínú atọ́ka ńlá kan, bí atọ́ka tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé. Ẹ̀kẹta, bí ẹnì kan bá béèrè nǹkan, ó ń wo atọ́ka náà, á wá to àwọn ojú ewé tó bá ìbéèrè mu tẹ̀lé ara wọn.

Nígbà tí Larry Page àti Sergey Brin dá Google sílẹ̀ ní 1998, ohun pàtàkì nínú ọgbọ́n wọn ni pé wọ́n ka líǹkì sí ẹ̀rí. Bí ojú ewé tí àwọn èèyàn bọ̀wọ̀ fún bá tọ́ka sí tiyín, ó dà bí ìgbà tí àgbà àdúgbò bá jẹ́rìí yín. Ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn ni wọ́n ń wò lónìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rí yìí ṣì wà níbẹ̀. Nítorí náà, bí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ẹ ń se oúnjẹ fún bá ní ìkànnì, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi líǹkì yín síbẹ̀.

Ẹ kígbe ọjà, ẹ má kígbe orúkọ

Ẹni tó ń kiri ẹ̀kọ kì í pariwo orúkọ ara rẹ̀. Ẹ̀kọ gbígbóná ló ń kígbe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí ìkànnì ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré, “Home” tàbí “Welcome” lẹ óò kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà orúkọ ilé iṣẹ́. Ta ló máa tẹ ìyẹn sínú Google? Àlejò kò mọ orúkọ yín. Télọ̀ ló ń wá.

Ká ní ìyá kan ń rán aṣọ ní Plumstead. Àkọlé ojú ewé rẹ̀, tí Google sábà máa ń fi ṣe orí èsì, lè jẹ́ “Aso oke, gele, iro and buba in Plumstead SE18”. Orúkọ ilé iṣẹ́ lè wá gbẹ̀yìn. Kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀, kó sì kọ iye ọjọ́ tó ń gbà àti iye owó rẹ̀ síbẹ̀.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ láàárín wa. A máa ń ṣe ìwé ìpolówó aláràbarà, a ó kó oúnjẹ, iye owó àti nọ́ńbà fóònù sínú àwòrán, a ó wá gbé àwòrán náà sórí ìkànnì láìkọ nǹkan kan sí i. Ojú èèyàn rí i, ṣùgbọ́n kò dájú pé Google yóò rí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kà. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà jáde. Ẹ sì fi àpèjúwe kúkúrú sára fọ́tò kọ̀ọ̀kan; yóò wúlò fún afọ́jú tí ẹ̀rọ ń kàwé fún pẹ̀lú.

Báwo ni oníbàárà ṣe ń kọ ọ́?

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá gan-an. Wọ́n kọ́ wa láti kọ mọ́ínmọ́ín àti aṣọ òkè pẹ̀lú àmì. Ṣùgbọ́n oníbàárà tó wà nínú bọ́ọ̀sì, “moi moi” tàbí “moin moin” ló máa tẹ̀. “Aso oke” ló máa tẹ̀, tàbí kó so ó pọ̀. Ṣé ká wá sọ àmì nù ni? Rárá o. Ẹ kọ méjèèjì: “Mọ́ínmọ́ín, tí àwọn mìíràn ń pè ní moi moi tàbí moin moin.” Ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Ẹ má kọ ọ́ nígbà ogún, torí Google ka irú àsọtúnsọ bẹ́ẹ̀ sí ìwà jìbìtì.

Nígbà kan, ọ̀pọ̀ èèyàn ń lo fọ́ǹtì àkànṣe láti kọ Yorùbá. Lójú wọn, “ẹ” ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àmì mìíràn ni kọ̀ǹpútà tọ́jú pamọ́. Bí ìkànnì yín bá ti pẹ́, tó ṣì ń lo irú fọ́ǹtì yẹn, ràdàràdà ni Google máa kà. Ẹ tún un kọ pẹ̀lú Unicode.

Ẹ sọ ibi tí ẹ wà

Woolwich wà ní London, ó wà ní Sydney ní Ọsirélíà, ó sì wà ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà. Thamesmead ní tirẹ̀ pín sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ méjì, Greenwich àti Bexley. Nítorí náà, ẹ kọ àdírẹ́sì ní kíkún pẹ̀lú postcode, ìbáà ṣe SE18, SE28 tàbí SE2. Ẹ dárúkọ àwọn àdúgbò tí ẹ ń gbé ọjà lọ ní tòótọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí Google Business Profile, tí wọ́n ń pè ní Google My Business títí di 2021. Ọ̀fẹ́ ni. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ lè ṣàtúnṣe ohun tí àwọn èèyàn ń rí nípa yín lórí Google Maps. Google sọ pé ohun mẹ́ta ni òun ń wò níbẹ̀: bí ọjà yín ṣe bá ìbéèrè mu, bí ẹ ṣe jìnnà sí oníbàárà, àti bí àwọn èèyàn ṣe mọ̀ yín tó. Ẹ kò lè sún ṣọ́ọ̀bù yín, ṣùgbọ́n ẹ lè ṣiṣẹ́ lórí méjì tó kù. Kí orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù yín bára mu níbi gbogbo. Ẹ sì tún wákàtí yín ṣe: ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì láti Thamesmead, tó bá ilẹ̀kùn ní títì, ó lè má padà wá mọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún gbájúẹ̀

Ẹnì kan lè pè yín pé òun á gbé yín sí ipò kìíní bí ẹ bá ń san owó oṣooṣù. Google fúnra rẹ̀ sọ pé kò sẹ́ni tó lè ṣèlérí ìyẹn. Owó lè ra ìpolówó tí wọ́n kọ “Sponsored” sí, kò lè ra ipò láàárín àwọn èsì yòókù. Bó bá ní meta keywords lòun fẹ́ tún ṣe, ẹ rántí pé láti 2009 ni Google ti kéde pé òun kì í fi to èsì. Ẹ má sì ra ẹ̀rí èké: láti oṣù kẹrin ọdún 2025, òfin ti dè é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oníbàárà tó gbádùn iṣẹ́ yín ni kí ẹ bẹ̀ kó kọ ohun tó rí.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí ẹ bá kọ ní kedere ni Google lè mọ̀. Èsì kì í yá. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Google Search Console, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, yóò fi ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn tẹ̀ kí wọ́n tó rí yín hàn yín. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá lọ ra èlùbọ́ ní Plumstead, ẹ bi mọ́mì tó ni ṣọ́ọ̀bù bóyá wọ́n ní ìkànnì. Bí wọ́n bá ní, ẹ bá wọn jókòó fún wákàtí kan, kí ẹ jọ kọ orúkọ ọjà wọn jáde, pẹ̀lú àmì àti láìsí àmì.