Pánlá Ọjà Ṣàngó Ọ̀tà àti Ìran Tí Ó Ti Wá

Ọ̀tà, ìlú àwọn Àwórì, kò sí létí òkun, síbẹ̀ pánlá kò ṣọ̀wọ́n ní ọjà Ṣàngó, gbígbẹ bí igi, orí rẹ̀ lọ́tọ̀, ara rẹ̀ lọ́tọ̀. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó ń rà á sí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ lè má mọ̀ ju pé láti èbúté Èkó ni wọ́n ti gbé e wá. (Wọ́n a máa pe ẹja mìíràn ní pánlá, èyí tí atẹ́gùn òtútù gbẹ láìsí iyọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé.)

Lofoten, ní àríwá ilẹ̀ Nọ́wè, ni wọ́n ti ń sá púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìran méjì ni ó ń pàdé nínú omi ibẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ arìnrìn-àjò: òkun Barents ni ilé rẹ̀, ìgbà òtútù ni ó sì ń rin ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà wá yé ẹyin. Èkejì jẹ́ onílé, tí kì í kúrò ní etíkun jìnnà. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Arìnrìn-àjò pọ̀ jù onílé lọ fíìfíì. Bí àwọn apẹja bá ka méjèèjì pọ̀, iye náà yóò dára lójú nígbà tí ìran onílé ń parun lọ.

Ní 1933, Gunnar Rollefsen fi òkúta kékeré tí ó wà nínú etí ẹja dá wọn mọ̀, nítorí pé ìlà inú rẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ìlà náà dàbí ilà ojú: lẹ́yìn ìbí ni ayé fi í síni lára. Àbùdá ni ó dàbí oríkì orílẹ̀, tí a bí mọ́ni. Àwọn onímọ̀ rí àmì àbùdá kan, Pan I, tí ó jẹ́ oríṣi méjì, A àti B. A ni ó wọ́pọ̀ lára onílé. B ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ara arìnrìn-àjò.

Ohun ìyanu ni pé ìran méjèèjì ń yé ẹyin nítòsí ara wọn, àbùdá wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu ní ibi púpọ̀. Kí ni kò jẹ́ kí àmì yìí dàrú? Ìwádìí tí ó jáde ní 2016 fi hàn pé apá kan nínú okùn àbùdá ti dojú dé láti ìgbà pípẹ́, bí abala ìwé tí a dì sódì. Bí ìran méjèèjì tilẹ̀ bí ọmọ pọ̀, apá tí ó dojú dé kò lè bá èkejì rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ dáadáa. Ohun tí ó jọ wà níbẹ̀ a sì jọ máa lọ láti ìran dé ìran. Inú apá náà ni Pan I wà.

Àwọn onímọ̀ òkun Nọ́wè ti yẹ àbùdá ẹja wò nígbà ìpẹja gan-an ní Lofoten. Nígbà kan, omi kan wà níbẹ̀ tí wọn kì í ṣí fún àwọ̀n ńlá àyàfi bí arìnrìn-àjò bá ju 70 lọ nínú ẹja 100.

Òkúta etí náà a máa wà nínú orí gbígbẹ tí ó dé Ṣàngó. Nǹkan funfun líle tí eyín ń kàn nínú orí pánlá, òun lè jẹ́.