Àìrora Kì Í Ṣe Ẹ̀rí Pé Ẹ̀jẹ̀ Kò Ru

“Kò sí ibi tó ń dùn mí, ara mi dá ṣáká.” Ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ bí wọ́n bá ní ká wá wọn ìfúnpá, òun náà sì ni àwọn mìíràn fi ń pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn tì. Àmọ́, láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru fúnra rẹ̀ lè dín bí ènìyàn ṣe ń mọ ìrora lára kù.

Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Nínú òpójẹ̀ ọrùn àti òpójẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn jáde, àwọn iṣan kéékèèké kan wà tí ń ṣọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ti ògiri òpójẹ̀. Bí ìfúnpá bá ga, wọ́n á ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ọpọlọ á dẹ eré ọkàn, ó sì lè dẹ ìrora náà pẹ̀lú. Ara tún ní apàrora tirẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ bíi mọ́fíìnì. Ní Aberdeen, ní Scotland, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ lọ́dún 1975. Nígbà tí wọ́n fún àwọn eku tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru ní naloxone, tó ń dènà iṣẹ́ mọ́fíìnì, ìrora tún bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn. Lára ènìyàn, èsì irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kò dọ́gba.

Ẹ má ṣe rò pé àǹfààní lèyí. Ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ ní Framingham, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1948 fi hàn pé ìkọlù àrùn ọkàn tí ẹni tó ṣe kò mọ̀ wọ́pọ̀ jù lára àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Kòkòrò tó ń jẹ ewé, ara ewé ló ń gbé.

Lára ẹni tí ìrora ti bá gbé pẹ́, ọ̀ràn náà lè yí padà: bí ìfúnpá ti ń ga ni ìrora lè máa le sí i. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìfúnpá díwọ̀n tramadol tàbí kódíìnì fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ dókítà ni. Kí a sì rántí pé ibuprofen àti diclofenac lè mú ìfúnpá ga.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ̀rọ ni kí a bi, kì í ṣe ara. Bí nọ́ńbà òkè bá ń dé 140, tàbí ti ìsàlẹ̀ 90, léraléra, ẹ lọ rí dókítà. Bí èémí bá ṣàdédé ń há, tí òógùn tútù sì bo ara, ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn, bí àyà kò tilẹ̀ dùn yín.